Agboòrùn Pupa Tí Bàbá Mi Rí

Bàbá mi gbé páálí gígùn kan tó rí roboto, tó ṣófo nínú, lé mi lójú ọ̀tún. Ó ní kí n di ojú òsì, kí n wá wo pálọ̀ wa yí ká. Irú páálí tí àwọn aláṣọ máa ń ká aṣọ mọ́ ni. Mo rí ìdajì kàlẹ́ńdà lára ògiri. Mo yí orí díẹ̀, mo rí etí tẹlifíṣọ̀n. Mo tún yí i, mo rí ọwọ́ ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n n kò rí ojú rẹ̀. Gbogbo ìyókù dúdú.

"Bí mo ṣe ń ríran nìyẹn," ni bàbá mi wí. "Ihò páálí yẹn sì ń kéré sí i."

Ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní fisíìsì ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàlàyé bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Inú bí mi. Láti kékeré ni mo ti máa ń tètè bínú. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí jù, ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹkún á wá máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní, "Dádì, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé gílóòbù ilé wa ni kò mọ́lẹ̀ tó ni.

Dókítà ojú ti sọ fún un pé àrùn náà kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jẹ ìríran wọ àárín díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó, ohun tó bá sì ti jẹ kò ṣeé gbà padà. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú kí ó má baà yára jù. Kò ju ìyẹn lọ.

Ìdí tó fi jẹ́ páálí ló fi hàn mí ni pé páálí yẹn gan-an ló fẹ́ fi ṣe ara rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ nù ún. Ó ní, "Mo fẹ́ kí èyí fò kí ojú mi tó lọ. Mo ṣáà fẹ́ rí i. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn mọ́."

Ẹ̀gbẹ́dà la ń gbé nígbà náà, àwọn ọdún tí àwọn ológun ṣì wà lórí oyè. Mo ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ń retí yunifásítì tí kò tètè pè mí. Ní ilé ìwé tí bàbá mi ti ń kọ́ni lójú ọ̀nà Ìpájà, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké rí, èyí tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ, tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ń gbé. Wọ́n á fò kọjá orí igi máńgòrò, agboòrùn kékeré kan á ṣí lára wọn, wọ́n á sì rọra máa bọ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọ á sáré lọ bá a, ariwo á sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn bàbá mi ga tó èmi gan-an, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni yóò sì wà nídìí rẹ̀ tí wọn yóò jọ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí à ń pè ní ẹ́ńjìnnì yìí, páálí líle tí wọ́n ki ẹ̀tù sínú ni. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nínú igbó ni bàbá mi ti kọ́ nípa ẹ̀tù. Bí ó ṣe ń ṣe é, n kò ní sọ, nítorí kì í ṣe nǹkan eré. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe ẹyọ ńlá kan, kí wàhálà dín kù. Ó ní ẹyọ ńlá máa ń bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Kéékèèké mẹ́rin sàn jù, bí wọ́n bá ṣáà ti lè jọ dìde. Bí mẹ́ta bá gbiná tí ọ̀kan kọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan kò ní rí nǹkan tì í lọ sókè, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì yà síbi tó bá wù ú.

Iṣẹ́ tèmi ni wáyà. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ihò nídìí. Wáyà tín-ín-rín kan, tí a fi ẹ̀tù díẹ̀ rẹ́ lẹ́nu, á wọ inú ihò náà. Bí a bá so gbogbo rẹ̀ mọ́ bátìrì mọ́tò tí a tẹ súìṣì, ẹnu wáyà á pọ́n, iná á ràn. Mo dán wáyà wò títí ìka mi fi le. Káfíńtà àdúgbò wa gbẹ́ orí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà láti ara igi tó fúyẹ́, ó ṣe é ṣóńṣó, ó sì dán. Bàbá mi gé ìyẹ́ rẹ̀ láti ara páìwúùdù, ó fi sáńpépà ha á, ó ń gbé e súnmọ́ ojú, ó ń gbé e jìnnà, kí ó lè bọ́ sínú ihò kékeré tó kù fún un láti ríran.

Gbogbo ilé ló fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lándíláọ̀dù wa ní, "Tíṣà, bí ẹ bá dé òṣùpá, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kò sí omi ẹ̀rọ ní Ẹ̀gbẹ́dà o." Bàbá mi lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n má baà gbọ́ ariwo kí wọ́n sọ pé ìjà dé. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdodo mú. Ó ní, "Ẹ ṣáà má yìn ín sí báráàkì o, Tíṣà. A ò mọ̀ yín rí o."

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìsọ̀ kékeré níwájú ilé, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀rù iná ń bà á. Nǹkan mìíràn wà nípa ìyá mi tó máa ń mú mi bínú: kì í purọ́, ì báà ṣe kékeré. Bí àlejò tí kò fẹ́ rí bá dé, kò ní jẹ́ ká sọ pé kò sí nílé. Òun fúnra rẹ̀ á jáde lọ sọ fún onítọ̀hún pé òun wà nílé, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun, kí ó máa lọ. Ojú á wá máa tì wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá mi sọ pé òun ń wá aṣọ tó fúyẹ́ fún agboòrùn rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyá mi wọ yàrá lọ, ó gbé agboòrùn tirẹ̀ jáde, pupa fòò, èyí tó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ yọ aṣọ ara rẹ̀," ló wí. "Pupa ni. Bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ máa rí i."

Bàbá mi di agboòrùn náà mú, ó ń fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì kiri, mo ń bá gbogbo ènìyàn jà pé ta ló gbé e.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìgàndó ló fún wa ní ilẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú tán. Wọ́n ti kọ́kọ́ fún wa ní ibì kan lápá Ìjẹ̀gùn, bàbá mi kọ̀ nítorí páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, a ki wáyà sínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé, a fi aṣọ ibùsùn ìyá mi wé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, a gbé e lé orí tábìlì. Ní àárọ̀, ìyá mi dúró ti ìsọ̀, bàbá mi àti èmi gba Ìgàndó lọ.

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. A fi rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti ara irin gígùn tí wẹ́dà kan bá wa rì mọ́lẹ̀, a na wáyà jìnnà, a sì jókòó sẹ́yìn ebè gíga kan. Bàbá mi fi ojú wá rọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi bá a. Ó ní, "Mo ti rí i. Má fọwọ́ kàn mí." Ó tẹ súìṣì.

Iná bú jáde, èéfín funfun gba gbogbo ilẹ̀. Ó gbéra. Ṣùgbọ́n kò tíì ga ju ọ̀pẹ lọ tó fi fì sí ẹ̀gbẹ́, ó dojú kọ ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko, ó ń lọ bí ẹni tí wọ́n lé. Ó forí sọlẹ̀. Agboòrùn pupa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde níbẹ̀, iná sì mú un.

Ojú bàbá mi ṣì wà lára irin. Láti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti yà kúrò nínú ihò kékeré rẹ̀ ló ti sọnù fún un. Ó ní, "Ibo ló lọ? Ibo ló lọ?" Ó ń yí orí káàkiri.

Mo lọ bá rọ́kẹ́ẹ̀tì náà nínú ẹrẹ̀. Mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì ti jó tán. Ìkẹrin tutù rinrin, kò gbiná rárá. Nígbà tí mo fa wáyà rẹ̀ yọ, òróró ti rin ẹ̀tù ẹnu rẹ̀ gbindin, lọ́fínńdà sì ń ta sánsán lára rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn. Àwọn aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń po lọ́fínńdà mọ́ òróró wọn, ìgò kékeré kan sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi.

Mo fi ìbínú gbé e wá fún bàbá mi. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti na ọwọ́. Ó gba ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé e súnmọ́ ojú bí ó ti máa ń gbé gbogbo nǹkan súnmọ́ ojú, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wáyà ló já." Ó jù ú sínú àpò. Mo wò ó. Mo rò pé kò rí òróró náà. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Nígbà tí a délé, ìyá mi pè mí sẹ́yìnkùlé, ó rọra bi mí pé, "Ṣé iná kò jó ẹnikẹ́ni?"

Mo ní kò jó ẹnikẹ́ni.

"Mo mọ̀!" Ó pàtẹ́wọ́. "Kí ẹ tó jí ni mo ti lọ fi òróró sí gbogbo ibi tí iná máa gbà jáde. Èyí àkọ́kọ́ tiẹ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀, ó pọ̀ nínú tirẹ̀. Mo ní Olúwa, ojú ọkùnrin yìí ti ní ìṣòro tó, má jẹ̀ẹ́ kí iná tún kàn án."

Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ ọ́, kí ó dùn ún bó ṣe dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń dúpẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, títí ayé ni yóò máa gbé e kiri pé òun ni kò jẹ́ kí ọkọ òun rí ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ rí. Mo ní ẹ kú àdúrà, mo bá lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n fọ̀. Mo fọ́ ife kan.

Bàbá mi ní ká tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tù kò sì fẹ́ ọ̀rinrin, páálí náà kò fẹ́ ẹ. A ní láti dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń kán oògùn, ìyá mi ń gbààwẹ̀, òjò ń rọ̀. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé Tíṣà kì í rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí bọ́ọ̀dù mọ́, àwọn aláṣẹ ilé ìwé sì ní kí ó lọ sinmi. Ilé ló wà láti ìgbà náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Òjò ti dá, oòrùn ń ràn bí ẹni pé ó fẹ́ dá gbèsè òjò padà, gbogbo fèrèsé wa ṣí sílẹ̀. Ó fọwọ́ ti férémù, ó ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Èmi àti ìyá mi wo ara wa. Mo mi orí sí i, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, NEPA ti mú un lọ, kí a lè rí ọ̀sán yẹn gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni ìyá mi.

"Ọ̀sán ni, Bàbá wọn," ló wí.

Bàbá mi ní, "Hẹn-ẹ́n. Ó dáa." Ó fọwọ́ tọ ògiri padà sínú yàrá. N kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo kórìíra òtítọ́ rẹ̀ yẹn. Mo rò pé ó rọrùn fún un, torí n kò tíì rí bó ṣe jókòó ti ẹ̀wà tó ń ṣà, tó ń ṣa òkúta sínú abọ́ tó sì ń da ẹ̀wà nù.

Mo rò pé bàbá mi á gbàgbé rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò gbàgbé. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é báyìí. Ó ń fi àtàńpàkò wá ibi tí ìyẹ́ kò ti gún, kì í sì í ṣìnà. Mo ń bá a mú un, mo ń kà á fún un bí wáyà ṣe lọ. Ní ti agboòrùn, ti ìyá mi ti jóná, nítorí náà mo yọ aṣọ ara tèmi, aláwọ̀ búlúù, mo rán an. Bàbá mi fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ yí ká, ó ní ó dára. Kò béèrè àwọ̀ rẹ̀ tàbí ẹni tó ni ín, èmi náà kò sì ronú láti sọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìdajì oko ẹ̀gẹ́ ti di ìpìlẹ̀ ilé. Bulọ́ọ̀kù wà káàkiri, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri kan pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Bàbá àgbàlagbà Ìgàndó yẹn nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kù, ó ní, "Tíṣà, ẹ tètè bá mi ṣe é o, kí àwọn yìí má baà fi òrùlé bò ó." Lẹ́yìn náà ló wo ojú bàbá mi dáadáa, ó bọ́ fìlà rẹ̀, kò sì tún ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí ìyá mi tẹ̀ lé wa. Pápá la ti wá ki wáyà sínú ihò, ìyẹn bí bàbá mi ṣe fẹ́ ẹ. N kò gbé ojú kúrò lára báàgì ìyá mi, mo mọ̀ pé ìgò yẹn wà nínú rẹ̀. Mo ti pinnu pé bó bá mú un jáde, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó di ìjà.

Bàbá mi yọ orí onígi náà kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó nà án síwájú.

"Ìyá wọn," ló wí, "òróró rẹ dà?"

Ìyá mi ya ẹnu. "Ẹ̀yin lẹ ń béèrè òróró?"

"Èmi ni. Ta á sí i lórí fún mi. Orí nìkan o. Orí ni wọ́n ń ta òróró sí, àbí? Ìdí ti ní iṣẹ́ tirẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa orí onígi náà, ó ń gbàdúrà sí i bí orí ọmọ tuntun, lọ́fínńdà sì gba afẹ́fẹ́. Bàbá mi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, kí ìyá mi má baà gbọ́, "Òórùn yẹn ò ṣeé gbàgbé."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ọjọ́ tó gbé ẹ́ńjìnnì yẹn súnmọ́ ojú, imú ló gbé e sí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀, tó ń jẹun lọ́wọ́ ìyá mi, tó ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń lọ. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń gbé àṣírí náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí wáyà kí wọ́n má baà rí mi, mo sì sunkún sórí bátìrì.

A jókòó sẹ́yìn bulọ́ọ̀kù. Mo di èjìká bàbá mi mú, mo yí i títí ojú rẹ̀ fi kọ irin náà gan-an. Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ ni?" Mo ní ibẹ̀ ni. Ó tẹ súìṣì.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dìde. Mo gbọ́ ọ nínú ariwo rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo, kò ya. Ó lọ sókè tààrà, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó kọjá orí ọ̀pẹ, ó kọjá ibi tí àwọn ẹyẹ wà, ó di ohun tíńtínní. Bàbá àgbàlagbà yẹn ń pariwo ní èdè Àwórì. Afẹ́fẹ́ òkè wá gbé e, ó ń gbé e lọ sápá Ìkòtún, sẹ́yìn wa pátápátá. Níbẹ̀ ni agboòrùn ti ṣí.

"Ó ti ṣí!" ìyá mi kígbe. Ó ń fò sókè. "Bàbá wọn, ó ti ṣí o!"

Mo yí padà láti wo bàbá mi. Kò yí. Ó ṣì kọjú sí irin, ó gbé ojú sókè síbi tí kò sí nǹkan kan, síbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kúrò tipẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti yí i, mo sì fà á padà. Kí ni màá yí i sí?

"Mo rí i," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi dẹ́kun fífò. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i, Ìyá wọn. Ó lọ tààrà. Mo rí agboòrùn rẹ náà." Ó fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀. "Ó pupa fòò. Àbí kò pupa?"

Ìyá mi wo agboòrùn búlúù tó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wa. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá bàbá mi, ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ojú tirẹ̀ náà sókè síbi tí bàbá mi ń wò.

"Ó pupa, Bàbá wọn," ni ìyá mi wí. "Ó pupa dáadáa."